Ìwà Tútù Ẹni Tí Agbára Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọmọ kì í dé ilé ẹ̀kọ́ kó tó mọ bí a ṣe ń rẹ ara ẹni sílẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún baba ẹbí, ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tí ọ̀gá bá nà sí i. Yorùbá àti Ègùn tí wọ́n jọ ń gbé ìlú náà kò jìnnà síra wọn nínú èyí. Nígbà tí àwọn oníwàásù wá dé, tí wọ́n ní àwọn ọlọ́kàn tútù ni ayé yóò jẹ́ tiwọn, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Èrò mi ni pé àìṣàjèjì yìí gan-an ló mú ká máa ṣì í gbọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ju ni lọ, ọ̀wọ̀ ni, ó dára, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó parẹ́ láàrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè bí i, àǹfààní tí à ń wá lè bí i, àṣà lásán náà sì lè bí i. Ìwà tútù tí Kristi fi kọ́ni ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀wọ̀ yìí parí sí, ìyẹn ni iwájú ẹni tí kò lè fi nǹkan kan ṣe wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Kristẹni kan ṣe tutù tó, kó má wo bó ṣe ń kí bíṣọ́ọ̀bù. Kó wo bó ṣe ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àwo bá fọ́.

Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí ọ̀nà yìí. Ẹni tí ìwé Númérì pè ní ọlọ́kàn tútù jù lọ láyé ìgbà rẹ̀ kì í ṣe ojo rárá. Mósè ni, ẹni tó dojú kọ Fáráò, tó kó odindi orílẹ̀-èdè jáde kúrò lóko ẹrú, tó fi ìbínú fọ́ wàláà òfin mọ́lẹ̀. Ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n fún un ní orúkọ náà. Míríámù àti Áárónì, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa nítorí obìnrin ará Kúṣì tó fi ṣe aya, wọ́n ń bèèrè bóyá òun nìkan ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Ipò rẹ̀ ni wọ́n ń du. Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kò lò ó. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ sì bo Míríámù, Mósè tí wọ́n ti ń bú ló ké pe Ọlọ́run pé kó wò ó sàn. Bákan náà ni ìwé Jòhánù, nígbà tó fẹ́ sọ bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ìnura tàbí omi inú àwokòtò. Ó kọ́kọ́ sọ pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́. Ìgbà tí ìyẹn ti dájú ló tó wá dìde, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tó ń kọ̀wé sí Fílémónì lórí Ónísímù ẹrú tó sá, sọ gbangba pé òun ní àṣẹ láti pa láṣẹ fún un, ṣùgbọ́n nítorí ìfẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni òun yàn. Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, agbára ló ṣáájú, ìwà tútù ló tẹ̀ lé e. Létè òkun àti ọ̀sà ilẹ̀ wa yìí, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú lọ sí Brazil, tí lára àwọn ọmọ wọn sì padà wá tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́, ó yẹ kí lẹ́tà sí Fílémónì máa dún létí wa ju bó ṣe ń dún lọ. Ọ̀gá ẹrú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọn kò kọ ọ́ sí ẹrú pé kó fara dà á.

Ìjọ kan wà tó jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, tó mú ẹ̀kọ́ ìrẹ̀sílẹ̀ kúrò lórí ahọ́n, tó gbé e wọ inú ara. Samuel Biléhou Joseph Oshoffa ni olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ìlú náà ni wọ́n ti bí i ní 1909, sínú ilé ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, ó sì ń ṣòwò igi. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gbà pé inú igbó tó ti wá igi lọ ni ìran ti kọ́kọ́ bá a ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1947, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá fìdí múlẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì gbà dé Makoko ní Èkó àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀kan nínú ilé ìjọsìn wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò rí ohun tí mò ń wí. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá àti ẹni tí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan já sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, sùtánà funfun kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ iyanrìn. Bàtà kò bá sùtánà lọ, kódà kó jẹ́ pé títì gbígbóná ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Nínú ilé, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síwájú títí iwájú orí yóò fi kan ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò sí nínú ìjọ náà lè máa rò pé àṣejù ni. Èmi rí ọgbọ́n ńlá níbẹ̀. Bàtà ló máa ń sọ iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù kó tó la ẹnu. Aṣọ ló ń sọ ẹni tí a óò fún ní àga. Ẹni tó bá bọ́ méjèèjì sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kọ́ ẹran ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe láti wà láàyè láìsí ohun tí à ń fi borí ẹlòmíràn. Ọkàn kì í sáà gbọ́ràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ara ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́, tí ọkàn á sì máa wọ́ tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ara dé dúró náà hàn kedere. Lábẹ́ sùtánà kan náà, oyè wà, àmùrè tí ń fi oyè hàn náà wà, ojú sì mọ èwo ló ga ju èwo lọ. Lẹ́yìn tí Oshoffa kú ní oṣù Kẹsàn-án 1985, ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ títí tó fi kan Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní 2000. Kì í ṣe ìjọ aláṣọ funfun nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọrin ìrẹ̀lẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ipò àti ìwé òfin ìjọ kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Mi ò sọ èyí láti fi kàn wọ́n lábùkù. Ìrora ni fún gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìjọ Ọlọ́run nílùú náà. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí. Níwájú Ọlọ́run, gbogbo wa ló kéré. Kò sí ẹni tó máa ṣòro fún láti tẹ orí ba fún Ẹni tó dá a. Ẹni tó bá ti ń fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún lè má tíì fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ń fẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìránṣọ, nítorí pé kò sí àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ tí kò ní. Ìyá oníránṣọ ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn òbí wọn ti san owó kó tó gbà wọ́n, ó sì di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún wọn. Títí dìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni abẹ́ gé. Àwọn ló ń gbálẹ̀, àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń bá a gbé ọmọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbé àlùmọ́gàjí lé léèsì oníbàárà, ó gé ọrùn rẹ̀ tán kó tó rí i pé ìwọ̀n obìnrin mìíràn ló wà lójú ewé tí òun ń wò. Ó ku ọjọ́ méjì sí ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e: ìgbájú, èpè tó kan ìyá tó bí i, ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, owó léèsì tí wọ́n á kọ sí baba rẹ̀ lọ́rùn. Kò sí ẹni tí yóò dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ ìwà tútù, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé yóò gba àlùmọ́gàjí kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, yóò gbé e sórí tábìlì, kò sì ní sọ nǹkan kan títí èémí tirẹ̀ yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ọmọ náà sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò sì gbọ́ ọ tán. Bóyá níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé òun fúnra òun ló kọ orúkọ méjì sójú ewé kan. Bí oníbàárà bá dé, kò ní na ìka sí ẹnikẹ́ni. Yóò sọ pé, “Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́, èmi ni n ó ra òmíràn.” Owó náà yóò dùn ún. Ìyẹn gan-an ni ohun tó ná an láti jẹ́ ọlọ́kàn tútù, nítorí ìwà tútù tí kò náni ní kọ́bọ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí fún ọmọ iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan léèsì fún oṣù mẹ́ta, pé ègé aṣọ àlòkù ni yóò máa gé lójoojúmọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀san nínú ìbáwí náà. Ìbáwí ń wo ọjọ́ iwájú ọmọ. Ẹ̀san ń wo ọgbẹ́ inú ọ̀gá. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́ nígbà tí wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra, Pọ́ọ̀lù náà sì ní kí àwọn ará Gálátíà fi ẹ̀mí ìwà tútù mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò, kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀ kí a má bàa dán òun náà wò. Ó ku apá kan tó le jù gbogbo rẹ̀ lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ Kristẹni tó dàgbà láàrin wa kì í fẹ́ gbọ́. Bí ó bá ṣe pé ọ̀gá ló ṣì í kọ, tó sì ti pariwo mọ́ ọmọ náà kó tó mọ̀, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwa mọ bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé láìlanu. A ó fi ẹran méjì sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, a ó pe oríkì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ó ní kó wá gba owó búrẹ́dì. Àlàáfíà ń tibẹ̀ wá, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọmọ náà kò gbọ́ pé òun kọ́ lòun jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó wẹ̀ ẹ́ mọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n rí i nígbà tí wọ́n ń bú u. Ohun tí ìwà tútù ń béèrè ni gbólóhùn kúkúrú lójú àwọn kan náà: “Èmi ni mo ṣì í kọ. Má bínú.” Wọ́n á ní ọmọ yóò gun àgbà lórí. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ̀ pé nígbà tí ọ̀gá náà bá sọ pé ó jẹ̀bi, òótọ́ ni. Kò sí àṣẹ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé ayé kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Ouando yóò sọ fún oníwàásù pé ẹni tó bá tutù lọ́jà, wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́ ọjà, pé ẹni tí a jẹ ní gbèsè tí kò pariwo, gbèsè náà di ẹ̀bùn nìyẹn. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ro pé ọlọ́kàn tútù ni ẹni tí kì í béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì ṣe fi hàn. Nígbà tí ìránṣẹ́ àlùfáà àgbà gbá Jésù létí, kò gbá a padà, kò sì dákẹ́. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀ burúkú, kí ó jẹ́rìí sí i. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi gbá òun. Ìbéèrè tó mú ọkùnrin náà dúró síwájú ìwà ara rẹ̀ ni. Ní Fílípì, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà láìdájọ́ wọn, àwọn adájọ́ fẹ́ kí wọ́n yọ́ lọ ní bòókẹ́lẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù ni àwọn, kí àwọn tó nà wọ́n wá fúnra wọn wá mú wọn jáde. Ọlọ́kàn tútù lè béèrè gbèsè rẹ̀, ó lè pe ẹlẹ́rìí, ó lè lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tí kò ní ṣe ni pé kó dójú ti ajigbèsè láàrin ọjà kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Ó ń lọ bá a nílé ná, òun nìkan, bí Jésù ṣe là á kalẹ̀ nínú ìwé Mátíù, kó tó mú ẹnì kejì dání. Èyí kò rọrùn tó ariwo, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ sọ nù.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú un wá. Wọ́n ní àwọn aláìlágbára ni wọ́n máa ń wàásù ìwà tútù fún. Aya tí ọkọ ń lù, wọ́n á ní kó rọra, kó gbàdúrà, kó má ṣe tú ilé rẹ̀ ká. Ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá gbé lọ́dọ̀ ìbátan, èyí tí àwọn Fọn àti Ègùn ń pè ní vidomègon, tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tó ń kiri ọjà dalẹ́, tí àwọn ọmọ onílé ń lọ sílé ìwé, wọ́n á ní kó tẹríba kí Ọlọ́run lè gbé e ga. Bí ìwà tútù bá jẹ́ èyí, ẹ jẹ́ ká jù ú nù. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló lòdì sí i. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a jẹ́ iṣẹ́ yìí sí. Pásítọ̀ tó bá rí obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, tó wá ń kọ́ ọ ní ìwà tútù, ojúlé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé lẹ́tà lọ. Ọkọ ni kó lọ bá. Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ fi lélẹ̀ ní oṣù Kìíní 2012 lórí ìwà ipá sí obìnrin, àti òfin ọmọdé ti oṣù Kejìlá 2015, kò tako ìhìnrere ní ibì kankan. Ìjọ tó bá ran obìnrin lọ́wọ́ láti lo òfin náà kò tíì kúrò lójú ọ̀nà Kristi. Bẹ́ẹ̀ sì ni onílé tó bá fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílé ìwé pẹ̀lú ọmọ tó bí, tó ń jẹ́ kó jẹun ní àkókò kan náà, láti inú ìkòkò kan náà, ti sún mọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù bẹ Fílémónì fún ju ẹni tó mọ gbogbo ìwé náà lórí lọ.

Àwọn mìíràn yóò fi ìtàn gbè é lẹ́yìn pé àwọn òyìnbó fi ìwà tútù mú wa sìn. Àwọn kan nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ ká bò ó. Samuel Àjàyí Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, rí i nígbà ogbó rẹ̀: ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti England dé Odò Ọya, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń mẹ́nu kan sùúrù rẹ̀ nìkan. Wọ́n gbàgbé pé ó fi ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní gbangba, àti pé ìjọ tó wà ní Delta, lábẹ́ ọmọ rẹ̀ Dandeson, dìde dúró lórí owó ara wọn lẹ́yìn ikú bíṣọ́ọ̀bù náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ó kọ ìwà ìkà náà láìkórìíra àwọn tó hù ú. Nínú ọ̀ràn yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ló ṣaláìní ìwà tútù, ìtàn sì ti kọ ọ́ sí wọn lọ́rùn.

Ẹ̀rí tó tóbi jù tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní láti fi han aráyé wà nínú ọjọ́ mẹ́wàá. Mathieu Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá 1972. Nígbà tó fi máa di òpin 1989, báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, ìyanṣẹ́lódì gba gbogbo ìlú. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990, àwọn aṣojú láti gbogbo ẹ̀yà àti ẹgbẹ́ péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì PLM-Alédjo ní Cotonou, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága. Nígbà tí ìpàdé kéde pé àṣẹ òun ló ga jù, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọmọ ogun àti ẹni tí kò ní. De Souza kò bú Kérékou, kò sì jẹ́ kí ìpàdé ṣẹ̀yìn. Ó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà lè gbà láìdi ẹni ẹ̀sín. Ní ọjọ́ 28, Kérékou gbà. Wọ́n ṣètò pé a kò ní pè é lẹ́jọ́. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò 1991, ó gbéjọba sílẹ̀. De Souza, tó ti darí ìgbìmọ̀ gíga orílẹ̀-èdè láàrin àkókò náà, kò dìje fún ipò ààrẹ. Ìjọ rẹ̀ ló padà sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1999. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn náà, láti inú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ló ti hù jáde.

Wọ́n lè ní kì í ṣe ìwà tútù, pé owó ló tán lọ́wọ́ Kérékou, kò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ wo Togo, aládùúgbò tó bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Wọ́n ṣe ìpàdé irú kan náà níbẹ̀ ní 1991, bíṣọ́ọ̀bù ló sì ṣe alága tiwọn náà, Philippe Kpodzro. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun fi ìbọn ńlá kọlu ibùgbé olórí ìjọba tuntun ní Lomé. Sùúrù bíṣọ́ọ̀bù nìkan kò lè dá ìbọn dúró. Ẹni tó di ìbọn mú ló kù sí láti pinnu. Mi ò sọ pé Kérékou di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú lábẹ́ ìjọba rẹ̀ kò lè sọ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí agbára kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa, ó kọ̀ láti lò ó, àìmọye ènìyàn tí kò mọ orúkọ ara wọn ló sì wà láàyè nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo rí pé ó dà bí ìyẹn jù nínú ilé wa. Nígbà tí baba bá kú ní Àjàṣẹ́, dáwódù ló sábà máa ń di ìwé ilẹ̀ mú, òun ló mọ ààlà, òun ni àwọn àbúrò ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bí ó bá fẹ́ ta ègé kan láìsọ fún wọn, ìgbà tí ẹni tó rà á bá kó búlọ́ọ̀kù dé ni wọ́n á tó mọ̀. Ábúráhámù wà nípò yìí nígbà tí àwọn darandaran rẹ̀ àti ti Lọ́ọ̀tì ń jà. Òun ni àgbà, òun ni Ọlọ́run ṣèlérí ilẹ̀ náà fún, síbẹ̀ ó ní kí ọmọ arákùnrin òun kọ́kọ́ yàn. Lọ́ọ̀tì yan ibi tó lómi jù. Dáwódù tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí kò nílò ìran kankan. Yóò pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ kí awọnlẹ̀ tó dé, títí kan àwọn obìnrin àti ọmọ ìyàwó tí a kì í kà mọ́ wọn. Yóò tẹ́ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, yóò ní kí àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ mú tirẹ̀, kí wọ́n máa gun òkè bọ̀, kí ohun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ tòun. Yóò sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.